Omi Lẹ́nu Ògbufọ̀: Bí Kábíyèsí Ṣe Dẹjọ́ ní Jẹ́dà

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí pé iṣẹ́ wo ló dára jù láyé, ẹ má tan ara yín: ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ ni pé dókítà ni. Ó dáa, dókítà ni. Ẹ lè máa lọ. Ẹni tó bá kù ní ìjókòó, kó fetí sílẹ̀ kí n sọ tèmi fún un, iṣẹ́ tí èèyàn ń fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe láìsọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ rárá. Ògbufọ̀ ni mí. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi kò tíì kún ni mo ti ń ṣe é ní Jẹ́dà àti Mẹ́kà, mo sì fi í sílẹ̀ nígbà tí irùngbọ̀n náà bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní mo tètè fẹ̀yìn tì. Mo ní kí wọ́n lọ bi ọ̀nà ọ̀fun mi.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Mo ka ìwé mẹ́fà ní Òṣogbo, mo bá ìyá mi wá sí Hájì, àìsàn dá ìyá mi dúró, ìyá mi dá èmi náà dúró. Nígbà tí ara rẹ̀ fi máa yá, ó ti ń din àkàrà ní àdúgbò Al-Ammariyah ní Jẹ́dà, kò sì ní ìrìn-àjò kankan lọ́kàn mọ́. Ó fà mí lé Àlàájì Bùsàrí lọ́wọ́ pé kó kọ́ mi níṣẹ́. Owó tí mo ń gbà? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ó tó jẹun, kò tó gbéyàwó.

Jẹ́dà ni wọ́n bí Àlàájì Bùsàrí sí. Bàbá rẹ̀ ló fẹsẹ̀ rìn wá láti Ìbàdàn, tó jókòó láti sinmi, tí kò sì dìde mọ́. Ọkùnrin náà gbẹ bí igi pákò, kì í pariwo, kì í rẹ́rìn-ín. Bí ọkọ̀ àwọn tó wá ṣe Hájì bá dé láti ilé, òun ló máa ń wà láàárín wọn àti Lárúbáwá: lọ́dọ̀ onílé, lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ní ọsibítù, nídìí ẹlẹ́ran tó fẹ́ fi ewúrẹ́ arọ ta àlejò ní jìbìtì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó bu omi sínú ife fún mi. Mo mu ún.

"Ta ló ní kó o mu ún? Bù ú sẹ́nu, má gbé e mì."

Mo bu òmíràn sẹ́nu. Ó wá mú mi dúró sáàárín àwọn méjì tó ń jà lórí ẹní. Ó ní ìgbà tí wọ́n bá parí ọ̀rọ̀ ni kí n tó gbé omi náà mì, ìgbà tí mo bá gbé e mì ni kí n tó sọ̀rọ̀. "Ẹyin lohùn," ó ní, "bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Omi tó wà lẹ́nu rẹ ni kò ní jẹ́ kó tètè bọ́." Ẹ̀yin tí ẹ rò pé iṣẹ́ yìí rọrùn, ẹ bu omi sẹ́nu báyìí, kí ẹ jókòó ti àwọn méjì tó ń ṣépè fún ìyá ara wọn. Ní àkókò yẹn, aṣọ mi kì í gbẹ.

Òfin kejì ni pé n kò gbọdọ̀ sọ pé "ó ní". Bí ẹni tí mo ń gbẹnu sọ fún bá ní "èmi", èmi náà á ní "èmi". Òfin yìí ló kọ́kọ́ dójú tì mí. Àlàájà kan láti Ìṣẹ́yìn mú mi dé iwájú dókítà ará Íjíbítì, ó ní, "Dókítà, ó dà bíi pé mo lóyún." Mo gbé omi mì. Mo wo dókítà lójú, èmi pẹ̀lú irun imú mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, mo ní dókítà, ó dà bíi pé mo lóyún. Ọkùnrin náà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Mábrúúkù," ó ní. "Kí Ọlọ́run sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀."

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́. Àlàájì Bùsàrí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní mo sọ ọ́ dáadáa. Láàárín gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ṣẹ́, mi ò rántí pé ó tún yìn mí nígbà míì.

Òfin kẹta ló le jù: má fi iyọ̀ sí i, má fi omi là á. Ìgbà kan wà tí mo fi "jọ̀ọ́" kan kún ọ̀rọ̀ àlejò tó ń bá onílé rẹ̀ ṣe aáwọ̀ nítòsí mọ́ṣáláṣí Hárámù, kí ọ̀rọ̀ náà lè dùn díẹ̀. A ti dé Kudai, àdúgbò tí à ń dé sí ní Mẹ́kà, a ti ń bọ́ bàtà, kí Àlàájì tó bi mí pé, "Ṣé ọkùnrin yẹn sọ pé jọ̀ọ́?" Mo ní rárá. Ó ní, "Padà lọ gba jọ̀ọ́ rẹ wá." Oòrùn Mẹ́kà ni mo rìn padà nínú rẹ̀, mo lọ sọ fún onílé pé "jọ̀ọ́" tó gbọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe ti ayálégbé rẹ̀, èmi ni mo ni ín. Onílé náà rò pé oòrùn ti mú mi lórí.

Irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ni mo ní. Ẹ fi í sọ́kàn, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, òfin rẹ̀ gan-an ló dá a sílẹ̀.

Nàìjíríà kò tíì gba òmìnira nígbà náà, ṣùgbọ́n ní ìhà tiwa, àwọn èèyàn ti ń dìbò yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa bójú tó ìlú wọn. Ọba kan láti ìhà Èkìtì gòkè Hájì lọ́dún kan. Mi ò ní dárúkọ ìlú rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà láyé, wọ́n sì lágbára. Ọba tó kàwé ni, kò tíì pẹ́ lórí oyè. Ẹnì kan ṣoṣo tó bá a wá ni Ọ̀tún rẹ̀, àgbà ìjòyè tó ga bí òpó, tí ahọ́n rẹ̀ sì mú bí abẹ. Èmi àti ọ̀gá mi lọ pàdé wọn ní ilé tí wọ́n ti ń yẹ ìwé àwọn àlejò wò nítòsí èbúté.

Òṣìṣẹ́ tó jókòó sídìí ìwé jẹ́ àgbàlagbà tó fi làálì kun irùngbọ̀n rẹ̀ pupa. Ìwé ọba ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ìlú náà tó ń gbé ní Jẹ́dà já wọlé. Télọ̀ ni, alágbàfọ̀ ni, gbogbo wọn pátá. Bí wọ́n ṣe rí ọba wọn, wọ́n da ara wọn délẹ̀ gbalaja.

"Kábíyèsí o! Kábíyèsí!"

Onírùngbọ̀n pupa wo àwọn tó nà sílẹ̀. Ó wo ẹni tí wọ́n nà sílẹ̀ fún. Ó yíjú sí ọ̀gá mi. "Kí ni wọ́n ń pè é yẹn?"

Ẹ̀yin náà mọ ọ̀gá mi. Kò fi iyọ̀ sí i, kò fi omi là á. "Wọ́n ń sọ pé kò sí ẹni tó lè bi í léèrè."

Onírùngbọ̀n pupa dìde fùú. "Astagafirulaahi! Ẹnì kan ṣoṣo ló wà tí a kì í bi léèrè, kì í sì í ṣe èèyàn! Ilẹ̀ yìí ni ẹ ti ń wólẹ̀ fún èèyàn, tí ẹ sì ń pè é bẹ́ẹ̀?"

Ó ti ìwé ọba àti ti Ọ̀tún mọ́ inú àpótí. Ó ní ẹsẹ̀ wọn kò ní tẹ Mẹ́kà àfi tí kádì, adájọ́ wọn, bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Àráfà ti ń kanlẹ̀kùn. Bí ó bá bá wọn ní Jẹ́dà, Hájì ti bọ́ nìyẹn. Lójú fèrèsé, a ń wo ọkọ̀ ẹrù tó ń kó àwọn ẹlòmíràn lọ, tí wọ́n ń ké tálíbíyà, igbe "Labaika" àwọn tó ń lọ ṣe Hájì, bí wọ́n ṣe ń kọjá.

Ọ̀tún kọjú sí ọ̀gá mi. "Àlàájì, bí mo bá kí ọ pé 'ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta', ṣé wàá sọ fún Lárúbáwá pé mo ní kó kú kó tó di ọ̀túnla?"

"Ohun tí ọ̀rọ̀ náà sọ ni mo sọ, Olóyè."

"O sọ ohun tó sọ. O ò sọ bí a ṣe ń lò ó! 'Ẹ kú iṣẹ́', ikú ni! 'Ẹ kú ilé', ikú ni! Ṣé gbogbo ìlú wa lo fẹ́ pa tán?"

"Ọ̀tún, fi í sílẹ̀," ni ọba wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó pé lọ́jọ́ kan, ẹnì kan á bi wá ní ìtumọ̀ rẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó wa lọ síwájú kádì. Ẹnu ọ̀nà ni ọ̀gá mi ti dá mi dúró. Ó ní, "Ìtumọ̀ tí mo ṣe ló di ẹjọ́. Ẹnìkan kì í ṣe ògbufọ̀ ẹjọ́ ara rẹ̀. Mùfú, ìwọ ni." Mo ní mo bẹ̀ ẹ́. Ó lọ síbi àmù tó wà nítòsí ilẹ̀kùn, ó bu omi sẹ́nu, ó jókòó, ó di ojú. Ó yé mi pé kò fẹ́ bá mi dá sí i.

Kádì náà ti darúgbó, pákò kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi ń rin eyín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ ìlú tó dọ̀bálẹ̀ lánàá jókòó sẹ́yìn wa, ojú wọn walẹ̀.

"Ṣé ìwọ ni ọba?"

"Èmi ni," ni ọba wí.

"Èmi ni," ni mo wí ní Lárúbáwá. Akọ̀wé kádì yíjú wò mí.

"Adé wà lára ìwé ìrìnnà rẹ. Ṣé adé tìrẹ nìyẹn?"

"Rárá o. Ti ọbabìnrin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni."

"Adé méjì lórí ìlú kan. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló ń pàṣẹ?"

Ọba rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kò sí nínú wa."

Kádì ní kó là á yé òun. Ọba ní, "Nílùú Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ará ìlú dìbò yàn ló ń ṣòfin. Wọ́n á gbé e wá kí ọbabìnrin fọwọ́ sí i, á sì fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìjókòó, òun ló ń ka ọ̀rọ̀ fún wọn pé ìjọba mi yóò ṣe báyìí, ìjọba mi yóò ṣe tọ̀hún. Àwọn tó jókòó síwájú rẹ̀ tó ń gbọ́ ọ, àwọn náà ló kọ ọ́ fún un."

"Kí wá ni tirẹ̀ níbẹ̀?"

"Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún un kí wọ́n tó ṣe é. Ó lè gbà wọ́n nímọ̀ràn, ó lè kìlọ̀ fún wọn. Bí ó bá kìlọ̀ tí wọn kò gbọ́, á ṣì fọwọ́ sí i. Ìjọba kan á lọ, òmíràn á dé, òun kì í lọ. Ó ń rántí ohun tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò mọ̀."

"Ó ní 'ìjọba mi', ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe tirẹ̀." Kádì na pákò sí mi. "Bíi ti ọ̀dọ́mọkùnrin yìí."

"Bíi tiẹ̀ gan-an," ni ọba wí. "Ṣùgbọ́n bí kò bá sí níbẹ̀, èmi pẹ̀lú yín ì bá ti máa wo ara wa bí àgùntàn."

Èmi fúnra mi ni mo túmọ̀ ìyìn ara mi, láìfi iyọ̀ sí i. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ yìí le.

"Ìwọ ńkọ́?" ni kádì bi ọba.

"Láyé bàbá bàbá mi, ẹjọ́ àti ẹ̀wọ̀n wà lọ́wọ́ ààfin. Lónìí, olórí ìjókòó ìgbìmọ̀ ni wọ́n fi mí ṣe, àwọn tí ìlú yàn ló ń pinnu. Ṣùgbọ́n bí ìdílé méjì bá ń jà nítorí ilẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Kì í ṣe torí pé mo lè tì wọ́n mọ́lé. Mi ò lè ti ewúrẹ́ mọ́lé. Wọ́n ń wá torí mi ò sí lẹ́yìn ẹgbẹ́ kankan."

Pákò dúró lẹ́nu kádì. "Ẹni tí kò lè ti ewúrẹ́ mọ́lé, kí ló dé tí àwọn èèyàn rẹ̀ fi ń sọ pé kò sí ẹni tó lè bi í léèrè?"

Ibi tí gbogbo wa ń sá fún nìyẹn. Bí ọba bá ní kò sí ẹni tó lè bi òun lóòótọ́, Hájì ti lọ. Bí ó bá ní eré ẹnu lásán ni, àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ ń gbọ́ lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà á délé kó tó dé. Ọba wá yíjú.

"Ọ̀tún, bi mí léèrè."

"Níbí?"

"Níbí."

"Níwájú àwọn ọmọ yìí?"

"Èyí tí o máa ń bi mí nínú yàrá, bi mí níbí."

Ọ̀tún dìde. Orúnkún rẹ̀ ti ń kanlẹ̀ kó tó rántí ibi tó wà, ó sì nà padà. Ó kó ọwọ́ agbádá rẹ̀ sórí èjìká. Ó ní:

"Kábíyèsí, mo fẹ́ bi yín léèrè."

Mo la ẹnu, mo sì pa á dé. Ọ̀rọ̀ tó fi ọba sí wàhálà lánàá ló tún padà dé yìí, orí ahọ́n mi ló sì jókòó sí. Mo lè yọ ọ́. Mo lè ní "ọba wa", kí ayé sì gún. Mo wo ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀gá mi kún fún omi, ó ṣì dijú. Mo gbé itọ́ mì, mo sọ ọ́ bí wọ́n ṣe fi lé mi lọ́wọ́:

"Ìwọ tí kò sí ẹni tó lè bi ọ́ léèrè, mo fẹ́ bi ọ́ léèrè."

Kálàmù akọ̀wé dúró. Kádì wò mí, ó wo Ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ni èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, pákò bọ́ sílẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àgbàlagbà tí kò ní eyín tó pọ̀.

"Tún un sọ." Mo tún un sọ. "Ṣé bó ṣe máa ń sọ ọ́ nígbà gbogbo nìyẹn?"

"Báwo ni kí n ti sọ ọ́?" ni Ọ̀tún wí, inú ń bí i. "Ṣé kí n dá ọba dúró bí ẹni dá ẹlẹ́ran dúró ni? Ká tó bi í, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí i."

"Ó dára. Bi í, kí n gbọ́."

Ọ̀tún kọjú sí ọba. "Ọ̀nà odò tí ìgbìmọ̀ ní ká là, kí ló dé tí ẹ jókòó lé ìwé rẹ̀ fún odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan?"

Òógùn bo iwájú orí ọba. "Ẹ̀gbẹ́ ibojì ìyá mi ló gbà kọjá. Mo kìlọ̀ fún wọn."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní àwọn aboyún ń ṣubú lójú ọ̀nà àtijọ́."

"Ìgbà wo lẹ wá fọwọ́ sí i?"

Ọba wo ilẹ̀. "Nígbà tí o ní o ò ní bá mi wá sí Hájì bí mi ò bá fọwọ́ sí i."

Télọ̀ kan ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu kíá. Kádì mú pákò rẹ̀ nílẹ̀, ó nù ún. Ó ní, "Ẹni tí wọ́n bi léèrè tó báyìí, èèyàn ni. Ẹ fún wọn ní ìwé wọn. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wólẹ̀ fún un. Ẹ má sì pè é ní orúkọ yẹn. Ẹ jẹ́ kí orúkọ náà dúró dè é nílé."

Mo gbọ́ bí ọ̀gá mi ṣe gbé omi mì lẹ́nu ọ̀nà: gbìtì.

Nínú ọkọ̀ ẹrù tó ń gbé wa lọ sí Mẹ́kà, ìbéèrè méjì péré ló bi mí. "O fi nǹkan kún un?" Mo ní rárá. "O yọ nǹkan níbẹ̀?" Mo ní rárá, Bàbá. Ó kọjú sí aṣálẹ̀, ó di Mẹ́kà. Ní Kudai, àwọn ará ilé ti ń dúró de ọba. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú aṣọ funfun méjì, orí rẹ̀ lófo bíi ti gbogbo èèyàn. Alágbàfọ̀ kan sáré dé iwájú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní "Kábí...", ó rántí, ó sì fi ikọ́ bò ó. Ọba ní, "Pẹ̀lẹ́, eruku ni." Èmi ni ó wá ń pè ní Kábíyèsí Kékeré títí ó fi padà lọ, torí ó ní èmi náà ti jẹ́ ọba fún ọ̀sán kan, mi ò sì pàṣẹ ohunkóhun.

Iṣẹ́ yí padà lẹ́yìn náà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọ̀fun la fi ń pe àwọn èèyàn wa jọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a ní fèrè páànù tí a ń kígbe sínú rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ makirofóònù, lẹ́yìn rẹ̀ kásẹ́ẹ̀tì tí a gbohùn sí kí ọkọ̀ òfuurufú tó balẹ̀. Àlàájì Bùsàrí kórìíra makirofóònù. Ó ní ẹ̀rọ tí kò lè bu omi sẹ́nu, kí ló fẹ́ mọ̀? Ọjọ́ tí wọ́n gbé ọ̀kan lé e lọ́wọ́ ló fi iṣẹ́ sílẹ̀, tó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Kudai.

Mo máa ń lọ kí i níbẹ̀. Ọjọ́ kan tí a jókòó, ó ní, "Mùfú, ọ̀rọ̀ kan náà tí mo sọ fún onírùngbọ̀n pupa lo sọ fún kádì."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.

"Tèmi ti ilẹ̀kùn, tìrẹ ṣí i." Ó fọwọ́ kan ètè rẹ̀. "Ìwọ dúró gbọ́ gbólóhùn tó tẹ̀ lé e. Èmi tí mo kọ́ ọ láti bu omi sẹ́nu, ẹnu mi gbẹ lọ́jọ́ yẹn."

Èyí ni gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ. Ó tó mi lò títí mo fi fẹ̀yìn tì, ó sì tún tẹ̀ lé mi délé, torí Yorùbá ni ìyàwó mi ń fi bá àwọn ọmọ wí, Lárúbáwá ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Mo ń gbọ́ ohùn wọn nísinsìnyí nínú ilé ìdáná. Ìyàwó mi ti ní, "Bàbá, kí lọmọ rẹ sọ yẹn?" Ọmọ náà kò sì tíì sọ̀rọ̀ tán.

Ẹ fún mi ní ife omi yẹn.